Ìyẹ́ Tí Mo Gé Lára Aṣọ Màmá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún èyí ṣe, nítorí òun ló ń bí mi nínú jù: ìyá àgbà mi kò fìgbà kankan sọ pé "Ta ló kó ọmọ Mùsùlùmí wá jó fún Jésù?" Kò sọ ọ́ lórí ìtàgé, kò sọ ọ́ nílé, kò sọ ọ́ lójú oorun. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ ní ọ́fíìsì wa ní Onikan, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ebi ń pa mí, mo sì fi í sẹ́nu obìnrin inú kàtúùnù kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé Màmá ni. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti di tirẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi pè é bó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, nígbà tí aáfà ní kí ẹbí sọ ohun tí wọn yóò máa fi rántí rẹ̀, Bọ̀dá Wàsíù, àbúrò ìyá mi, gba makirofóònù, ó yí ohùn padà bíi ti obìnrin inú kàtúùnù yẹn, ó sì sọ ọ́. Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi kọ ìyẹn mọ́ ọn.

N kò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ síbí. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé pélébé tí wọ́n pín fún àlejò ti tó, àṣìṣe sì kún inú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni àlàáfíà ni, pé kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Màmá wo? Màmá tí mo mọ̀ bá ilé tó kàn wá jà fún ọdún mẹ́ta nítorí omi òrùlé wọn tó ń dà sí ẹnu ọ̀nà wa. Ó bá olùkọ́ ilé-kéwú jà nítorí pé ó ń na ọmọ lórí. Ó ń bá èmi jà ní ojoojúmọ́ Ọlọ́run nítorí pé mò ń fi sísọ́ọ̀sì aṣọ gé bébà. Bí ẹ bá yọ ìjà kúrò lára rẹ̀, ẹlòmíràn lẹ sin.

Sàláwátù Àṣàkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó kò pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Yúnífọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń rán ní yàrá iwájú ilé wa, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ojú ọ̀nà tóóró, kò sì sí ọmọ tó lè kọjá níbẹ̀ lásán. "Ìwọ, bọ́tìnnì rẹ ti já. Wọlé." Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò. Bọ̀dá Wàsíù ra oníná fún un. Ó dúpẹ́, ó fi aṣọ bò ó, ó sì sọ ọ́ di ibi tó ń gbé kẹ́tùlù lé. Òwú dúdú ló fi so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Gbogbo kaba ọmọdé tó bá rán, ó máa ń ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kí ìyá ọmọ lè tú u sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn aránṣọ tó kù ní aṣọ ló ń fi ṣòfò. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ọmọ kì í dúró de aṣọ."

Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, wọ́n gbé e lọ sí Kàdúná nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ó sì fi mí sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Síkírá ni gbogbo ilé ń pè mí. Àbẹ̀kẹ́ ni Màmá ń pè mí, òun nìkan.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Mo rántí ọjọ́ kan tó ra yáàdì márùn-ún kakí ní Balógun. A délé, ó na án sára tábìlì, ó wọ̀n ọ́n. Ó ku ìka méjì. Ó wé ìborùn rẹ̀ padà, ó dì mí lọ́wọ́ mú, oòrùn ọ̀sán sì ń ta wá lórí títí a fi padà dé ìsọ̀ ọkùnrin náà.

"Ẹ ẹ̀, Màmá, ṣé nítorí ìka méjì lẹ ṣe rìn padà nínú oòrùn yìí?"

"Ìwọ lo ní kí n rìn. Èmi ti wà nílé mi ní tèmi."

"Bóyá aṣọ náà ló sún kì, Màmá."

"Aṣọ tí kò tíì fojú kan omi? Kí ló gbọ́ tó fi ń sún kì?"

Àwọn tó wà ní ìsọ̀ tó kàn án bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí òun fún wọn ní áńkáṣíìfù funfun kan lé e.

"Èmi ò tọrọ áńkáṣíìfù lọ́wọ́ rẹ. Aṣọ mi ni kí o jẹ́ kó pé."

Ó gé yáàdì márùn-ún tuntun. Màmá wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀, ó dá ti àkọ́kọ́ padà, ó sì ṣàdúrà fún ọjà rẹ̀ tọkàntọkàn bíi pé kò sí ìjà kankan. Mo ń sunkún nítorí oòrùn. Nígbà tí a gun orí afárá gọ́tà tó wọ àdúgbò wa, ó wò mí, ó ní, "Bí aṣọ bá fi ìka méjì dín, ara ẹnì kan ló máa wà níta."

Lẹ́tà ni ìkejì. Màmá kò kàwé, àmọ́ ó mọ agbára ìwé. Láti ìgbà tí mo ti mọ bí a ṣe ń kọ gbólóhùn pé, èmi ni akọ̀wé ìjà rẹ̀. Mo kọ̀wé sí káńsù nípa gọ́tà tó dí. Mo kọ̀wé sí àwọn onílé tó kàn wá nípa omi òrùlé. Òun a máa tẹ ẹ̀rọ, èmi a jókòó sórí àpótí kékeré, òun a máa sọ, èmi a máa kọ. Nígbà kan, mo fi kún un pé omi náà ti bá gbogbo ilé jẹ́. Ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á.

"Gbogbo ilé kẹ̀?"

"Kí wọ́n lè bẹ̀rù ni, Màmá."

"Ṣé ó wọ yàrá rẹ?"

"Rárá, Màmá."

"Fà á ya." Mo fà á ya, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó ní, "Kọ ọ́ bó ṣe rí. Má fi iyọ̀ sí i."

Mo kàwé dé yunifásítì lórí ẹ̀kọ́ yẹn. Mo di ẹni tí kì í jẹ́ kí ìwà àìtọ́ kọjá láìkọ ọ́ sílẹ̀. Bí báńkì bá yọ ohun tí kò yẹ, mo kọ̀wé. Bí olùkọ́ bá fún mi ní máàkì tí kò tọ́ sí mi, mo kọ̀wé. Ẹni tí n kò kọ̀wé fẹ̀sùn kàn rí ni ara mi. Ìyẹn náà ni mo wá ṣe níbí.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe kàtúùnù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Onikan. Eré ẹbí ni, a ń pè é ní Agboolé Àríntàkìtì: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta àti ìyá àgbà kan. Èmi wà lára àwọn tó ń kọ ọ́. Bí Dìsẹ́ḿbà kan ṣe ń bọ̀, ọ̀gá wa ní a nílò eré kan tí yóò bá ìsinmi mu. Ó béèrè pé ta ló ní ìtàn nílé wọn. Mo nawọ́. Mo ní nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, a ń ṣe eré ìbí Jésù níléèwé, mo jẹ́ áńgẹ́lì, ìyá àgbà mi tó jẹ́ àlàájà sì dìde láàárín èrò, ó gun orí ìtàgé, ó bọ́ aṣọ áńgẹ́lì lára mi. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dì mọ́ àga. Ọ̀gá wa ń nu omi ojú.

"Síkírá, ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ bi wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó, sà."

"Jẹ́ kó le sí i. Kó fi bàtà lé àwọn amòye mẹ́ta yẹn."

Mo jẹ́ kó le sí i. Mo sọ obìnrin náà ní Àlàájà Ìjọ̀gbọ̀n. Mo fi awò olówùú sójú rẹ̀. Mo fi bàtà sí i lọ́wọ́, ó lé amòye mẹ́ta, ó jókòó lé ibùjẹ ẹran, ó fa áńgẹ́lì ní ìyẹ́ títí ìyẹ́ náà fi ya, eré sì tú ká. Lẹ́yìn náà ni mo fi gbólóhùn yẹn sí i lẹ́nu. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́ àfi awò náà. Èyí tó burú jù ni ohun tí mo yọ kúrò. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yẹn ibi tí mo ti rí aṣọ áńgẹ́lì mi. Mo yọ ẹ̀ṣẹ̀ mi kúrò nínú ìtàn, mo sì di ẹ̀ṣẹ̀ rù ú.

Ọ̀sán Sátidé kan ni eré náà jáde. Èmi fúnra mi ni mo pe àwọn ará ilé jọ sí yàrá iwájú, kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Màmá jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó yí àga kọjú sí tẹlifíṣàn. Bí Àlàájà Ìjọ̀gbọ̀n ṣe yọ ni ariwo sọ.

"Yéè, Màmá, ẹ̀yin rèé!"

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe wé ìborùn!"

"Màmá, ẹ sọ bàtà yẹn kalẹ̀ o, ẹ ti na amòye pa!"

Màmá rẹ́rìn-ín. Mo ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí eré tán, tí wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ọlọ́lá, ó pè mí sún mọ́ ọn.

"Ìyẹ́ ọmọ yẹn, kí ni wọ́n fi ṣe é?"

Mo mọ ohun tó ń bi mí. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ní, "Páálí ni, Màmá."

Ó mi orí. Ó yí àga rẹ̀ padà sídìí ẹ̀rọ, ó fi òwú sí abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Páálí dáa."

Ó tó àkókò kí n sọ bó ṣe rí.

Ilé-ìwé wa kò ya ẹ̀sìn sọ́tọ̀. Ọmọ aáfà àti ọmọ pásítọ̀ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àmọ́ bí a bá ti fẹ́ gba ìsinmi Dìsẹ́ḿbà, eré ìbí Jésù ni wọ́n máa ń ṣe. Tíṣà wa mú mi ṣe áńgẹ́lì nítorí pé ohùn mi ròkè. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún Màmá. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó dá ẹ̀rọ dúró.

"Ìbí ta ni?"

"Jésù, Màmá."

"Ànọ́bì Ísá. Ìyẹn ni pé Màríyámọ̀ ló fẹ́ bímọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ta ló ń gbẹ̀bí fún un?"

"Kò sí agbẹ̀bí níbẹ̀. Ilé ẹran ni, Màmá."

"Hàà! Àwọn tíṣà yín mà le o." Ó tẹ ẹ̀rọ díẹ̀, ó tún dá a dúró. "Kí làwọn tó kù á wọ̀?"

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tó ń fi ọ̀rọ̀ èké ránṣẹ́ lórí fóònù. Màmá yìí ló rán aṣọ olùṣọ́ àgùntàn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àjẹkù kakí ló fi rán an, tó fi jẹ́ pé àwọn olùṣọ́ àgùntàn wa jọ àwọn aṣọ́bodè. Bọ̀dá Wàsíù ní ṣé ìyá àlàájà ló ń ránṣọ Kérésìmesì? Ó dá a lóhùn láìgbójú sókè: "Màríyámọ̀ kì í ṣe àlejò nílé wa."

Aṣọ funfun tèmi ló kù. Ó ní òun máa rà á ní Wẹ́sìdeè. Tọ́sìdeè ni eré. Àmọ́ ní Túsìdeè, tíṣà wa, tó ti ní oṣù kan gbáko láti sọ ọ́, wá sọ ọ́ lójijì pé kí oníkálukú mú aṣọ rẹ̀ wá ní àárọ̀ ọ̀la, ẹni tí kò bá mú u wá, òun máa fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Ẹjọ́ tíṣà nìyẹn, n kò sì dárí jì í. Àmọ́ mo délé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, Màmá ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ara rẹ̀ kò yá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta. Mo lè dúró kó dé. Kò pẹ́ tó fi dé. Mo lè dúró, n kò dúró.

Àpótí onírin kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mo ṣí i. Aṣọ funfun wà nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n ká a dáadáa, ó ń ta sánsán tùràrí. Mo fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀, èyí tí n kò gbọdọ̀ fi gé bébà, gé yáàdì méjì kúrò ní ìpẹ̀kun rẹ̀ fún ìyẹ́. Èyí tó kù ni mo fẹ́ wé mọ́ ara. Ní ọjọ́ kejì, tíṣà fi gúlúù lẹ ìyẹ́ náà mọ́ wáyà, ó sì fi ìyẹ̀fun tó ń dán bíi wúrà kùn ún. Mo sọ fún Màmá pé tíṣà ti fún mi ní aṣọ. Olè, lẹ́yìn náà irọ́, láàárín ọjọ́ kan.

Ní Tọ́sìdeè, ó jókòó sí ìlà kẹta nínú gbọ̀ngán. Mo jáde, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ké gbólóhùn mi: "Ẹ má bẹ̀rù!" Mo rí i tó dìde.

Kò mú bàtà lọ́wọ́. Kò lé ẹnikẹ́ni. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́rin, ó gba àárín àwọn olùṣọ́ àgùntàn rẹ̀ kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi. Ó tú ìyẹ́, ó tú aṣọ náà kúrò lára mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń tú ọmọ ìkókó. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi létí, èmi nìkan ló gbọ́ ọ: "Tèmi nìyí, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

Lẹ́yìn náà ló bọ́ ìborùn orí ara rẹ̀, aláwọ̀ ewé, ńlá, ó wé e mọ́ mi láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Gbọ̀ngán ti ń rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí tíṣà: "Ẹ má bínú. Ẹ máa bá eré yín lọ." Ó padà sí àyè rẹ̀, ó ká aṣọ náà sórí itan, ó jókòó pẹ̀lú irun funfun ṣákálá níwájú gbogbo èrò, àlàájà tí ẹnikẹ́ni kò rí irun rẹ̀ rí níta, ó sì wo eré náà dé òpin. Nígbà tí Màríyámọ̀ bímọ, òun ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Èmi, mo kórìíra rẹ̀ fún oṣù méjì. Ohun tí etí mi gbọ́ ni pé ó ń ṣahun aṣọ. Kò nà mí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fọ ìyẹ́ náà nínú ọṣẹ, ìyẹ̀fun wúrà yẹn kò sì bọ́ tán. Ó kàn sọ fún mi pé, "Bí o bá fẹ́ nǹkan, béèrè lọ́wọ́ mi."

Ẹ má jẹ́ kí n fi àìmọ̀ bojú. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ìyá kan kú nínú agboolé wa. Mo rí aṣọ tí wọ́n gbé jáde fún un: funfun kan náà, òórùn tùràrí kan náà. Mo béèrè. Wọ́n ní aṣọ ìkẹyìn ni, pé àwọn tó bá lọ sí Mẹ́kà máa ń rà á bọ̀, wọn a fi omi mímọ́ Sámúsámù rẹ̀ ẹ́, wọn a tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí mo wọ̀ lórí ìtàgé. N kò sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́wàá lé lẹ́yìn náà ni mo kọ Àlàájà Ìjọ̀gbọ̀n. Mo mọ̀ kí n tó kọ ọ́.

Ìgbà méjì ni Bọ̀dá Wàsíù lọ sí Mẹ́kà. Ìgbà méjèèjì ló bi í níwájú mi.

"Màmá, ṣé kí n bá yín mú aṣọ bọ̀?"

"Mo ti ní."

"Ti àtijọ́ yẹn? Ẹ jẹ́ kí n mú tuntun bọ̀, Màmá. Kò wúwo."

"Wàsíù, mo ní mo ti ní."

Bó bá ní kó mú òmíràn bọ̀, wọ́n máa béèrè ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́. Wọ́n máa ṣí i wò, wọ́n máa rí ibi tí wọ́n ti gé e, wọ́n máa béèrè ẹni tó gé e. Obìnrin tó rìn padà sí Balógun nínú oòrùn nítorí ìka méjì, ó wo aṣọ tó fi yáàdì méjì dín, aṣọ tirẹ̀, ìkẹyìn, ó sì sọ lójú mi pé, "Ó tó mi."

Ó kú ní àárọ̀ Jímọ̀ kan, wọ́ọ́rọ́wọ́, lẹ́yìn tó ti mu ògì. Ìyá Múńírù ló wá wẹ̀ ẹ́, òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wa. Ìyá mi ti dé láti Kàdúná. Èmi àti òun ló ń gbé omi àti òwú wọlé. Aṣọ márùn-ún ni wọ́n fi ń di obìnrin nínú ẹ̀sìn wa. Ìyá Múńírù na aṣọ Màmá sórí ẹní, ó pín in. Ó pọ́n díẹ̀ bíi wàrà, òórùn rẹ̀ ṣì wà. Èyí tí yóò bo gbogbo rẹ̀ kẹ́yìn kò kàn. Ó fà á sápá kan, apá kejì ṣí sílẹ̀. Ó gbé etí aṣọ náà sókè, ó wò ó fínnífínní. Ó wo gbogbo wa lójú.

"Ta ló gé aṣọ yìí?"

Kò fi ìbínú béèrè. Ó dúró de ìdáhùn. Sísọ́ọ̀sì Màmá wà lórí tábìlì nínú yàrá kejì, mo ń rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Ìyá mi ní, "Eku ni, Àlàájà. Ilé àtijọ́ ni, eku pọ̀ níbẹ̀."

Mo dákẹ́.

Wọ́n rán Bọ̀dá Wàsíù lọ sí ọjà. Ó mú aṣọ tuntun bọ̀, òǹtẹ̀ búlúù ilé-iṣẹ́ ṣì wà létí rẹ̀. Ìyá Múńírù gé òǹtẹ̀ náà kúrò kó tó lò ó. Wọ́n dì í. Oríṣi funfun méjì ló wà lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e jáde, ọ̀kan bíi wàrà, ọ̀kan báláú. Bóyá èmi nìkan ló rí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo yọ́ lọ sídìí àpótí onírin náà. Ìyẹ́ méjèèjì wà nísàlẹ̀ nínú ọ̀rá, Màmá ti lọ̀ wọ́n, ó ti ká wọn, wúrà díẹ̀ ṣì ń dán létí wọn. Mo kó wọn sínú báàgì mi kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Ìgbà kejì tí mo jí i nìyẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, tí Bọ̀dá Wàsíù sọ gbólóhùn èké yẹn tí a sì rẹ́rìn-ín, ọ̀gá mi pè mí. Ó ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ tún eré náà fi hàn ní Dìsẹ́ḿbà fún ìyẹ́sí Màmá. Wọ́n máa gbé àwòrán rẹ̀ gangan síbẹ̀, wọ́n sì máa kọ gbólóhùn náà sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ̀wé sí i ní ọjọ́ náà pé kó má ṣe é. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí, n kò fi iyọ̀ sí i: pé ọ̀rọ̀ èmi ni, pé kì í ṣe tirẹ̀. Ó fèsì pé, "Ẹbí ti fọwọ́ sí i, Síkírá. Bọ̀dá yín ló fún wa ní àwòrán. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́." Ó wá yé mi pé bí n kò bá la ẹnu mi nínú agboolé wa, ohun tí èmi kọ nítorí ebi ni yóò dúró lábẹ́ ojú rẹ̀ títí ayé.

Wọ́n sún àdúrà ogójì ọjọ́ sí Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Aáfà ṣe tirẹ̀ tán. Bọ̀dá Wàsíù tún gba makirofóònù, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ mọ̀ pé Màmá kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ẹ rántí ọjọ́ eré Kérésì yẹn, tí wọ́n ní—"

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́. Màmá ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Síkírá, jókòó jàre. Eré là ń ṣe."

"Eré kọ́, sà. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Aṣọ ìkẹyìn Màmá ni mo wọ̀ lọ́jọ́ eré. Èmi ni mo gé e. Kì í ṣe eku."

Mo yọ ìyẹ́ méjèèjì láti inú báàgì, mo tẹ́ wọn sórí ẹní. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Múńírù, tó jókòó láàárín àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí, kò tilẹ̀ wo ìyẹ́ náà. Èmi ló ń wò.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe eku," ó ní. "Eku kì í lo sísọ́ọ̀sì." Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Mo béèrè lọ́jọ́ yẹn kí ẹni tó ṣe é lè tọrọ àforíjì létí rẹ̀ kí a tó bo ojú rẹ̀. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Mo dúró dè ọ́. O dákẹ́."

Bọ̀dá Wàsíù gbé makirofóònù sórí àga. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹní, ó fi àtàǹpàkò pa etí ìyẹ́ kan, wúrà díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Bá mi kọ lẹ́tà sí àwọn èèyàn rẹ ní Onikan," ó ní. "Èmi náà á fọwọ́ sí i." Ó gbójú sókè wò mí. "Kí ló wá sọ gan-an lọ́jọ́ náà? A rí i tó sọ nǹkan sí ọ létí."

Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe sọ ọ́, n kò yí ohùn padà: "Tèmi nìyí, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ kọ́ lo máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Múńírù ló kọ́kọ́ la ẹnu, àwọn obìnrin tó kù sì gbà á lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá mi: "Àmín." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àdúrà ni, pé kí òun lọ ṣáájú mi. Ogún ọdún ni mo fi gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ahun. Àdúrà náà sì ti gbà. Ó ti lé ní ogójì ọjọ́ tí ó ti gbà. Gbogbo wọn ń wò mí pé kí n ṣe àmín tèmi. Mo la ẹnu, n kò lè ṣe é.